Dáínà tòkunbọ̀ tí mo rà fún iṣẹ́ igi gígé ní Àkúrẹ́

Lọ́sàn-án gangan, ní títì Ọ̀yẹ́mẹkùn, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Dáínà mi, ọkọ̀ akẹ́rù Toyota, já, tí ìtì máńgòrò mẹ́ta sì yí bọ́ síwájú ọlọ́kadà kan. Ọlọ́run ló yọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ìtì, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, èmi lẹ fẹ́ fi ṣe lónìí?” Mi ò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí híńjì ti já, pọ́tì ni mo bá níbẹ̀, pọ́tì tí àwọn akunmọ́tò fi ń dí ojú ihò ara irin. Irin ti jẹrà, wọ́n fi pọ́tì dí i, wọ́n wá fi ọ̀dà búlúù bo àṣírí. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ha á, ó rún wómúwómú.

Ọkùnrin tó tà á fún mi lọ́nà Iléṣà ti búra o. Ó fọwọ́ gbá bọ́dì náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, irin gidi ni látòkè délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án láti Béljíọ̀m.” Mo pè é lórí fóònù, kò gbé e. Mo fi nọ́ńbà ọmọọṣẹ́ mi pè, ó gbé e kíá. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàjẹ́.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Hilux ló máa ń wọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lójú, ṣùgbọ́n igi tútù kì í ṣe ẹrù olóṣèlú. Nǹkan bí ìdajì ìwúwo igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi ni. Bí ìtì máńgòrò àgbà bá wọ ẹ̀yìn Hilux, tọ́ọ̀nù kan tó lè rù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn, ẹ ò sì tíì kó ẹ̀ka. Ẹ̀ka kò wúwo, àyè ló ń gbà. Dáínà ní táyà méjìméjì lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ bọ́dì rẹ̀ ṣeé ṣí lọ́nà mẹ́ta. A kì í forí ru ìtì mọ́. Pákó méjì la máa ń tẹ́, a ó sì yí i gòkè. Imú rẹ̀ kúrú, ó ṣeé yí po nínú àwọn ọ̀nà tóóró Ìṣìnkàn. Ẹ́ńjìnnì 14B ló wà nínú tèmi, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ tí mẹkáníìkì á máa fi dẹ́rù bani. Owó díísù nìkan ni kò dùn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé ìtì gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ẹ múra sílẹ̀ o: àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti bi mí léèrè òǹtẹ̀ hámà rí, àmì tí wọ́n ń lù sára ìtì láti fi hàn pé a gbàṣẹ, lórí igi tí mo gé lẹ́yìnkùlé onílé.)

Nígbà tó yá, mo gbé ọkọ̀ padà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó tà á fún mi. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ọ̀gá ò sí nílé. Bàtà ọ̀gá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa àga, mo ní màá dúró dè é. Wẹ́dà wọn ló kọ́kọ́ jáde, bàbá arúgbó kan. Ó wo híńjì, ó pòṣé ṣàà, ó wọlé lọ. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀gá yọ, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ pè yín náà ni!”

Bàbá yìí gé gbogbo híńjì náà kúrò, èyí tó já àtèyí tí ò já. Ó fi irin nínípọn láti ara ṣásí tírélà ṣe tuntun, ó wá ní kí àwọn ọmọ méjì gun orí ilẹ̀kùn kí wọ́n máa fò. Kò mì rárá. Mo fún un lówó, kò gbà, ó ní kí n lọ fi ra gíríìsì. Mo ti dárí jì wọ́n kí n tó délé.

Lálẹ́, ọ̀gá fi bíìlì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: owó ẹlẹ́kítróòdù tí wẹ́dà fi jó irin, owó díísù jẹnẹrétọ̀, “àti ti ìyọnu.” Mi ò san án, mi ò sì ní san án.

Bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì dání. Ibi tí pọ́tì bá nípọn sí, kò ní lẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè Bàbá wẹ́dà, kì í ṣe ọ̀gá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá Dáínà kejì.