Adágún tapólì tí wọ́n ṣe sínú yàrá fún àwọn ẹja àrọ̀ ńlá mi ní Kábbà

Nínú oṣù kẹwàá tó kọjá ni mo gbé iṣẹ́ fún àwọn kan tí ń ṣe adágún ẹja pé kí wọ́n bá mi ṣe ọ̀kan sínú yàrá òfìfo tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Kábbà. Ẹja àrọ̀ 14 ni mo ń tọ́ láti kékeré, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ti ju kílò 3 lọ. Mo fẹ́ máa gba ọmọ lára wọn. Inú yàrá ni mo yàn nítorí ọyẹ́, nítorí omi ìta a máa tutù mọ́jú lásìkò náà débi pé ẹja kì í fẹ́ fẹnu kan oúnjẹ.

Adágún fúnra rẹ̀ dára gidigidi. Mítà 2 ni gígùn rẹ̀, mítà 2 ni ìbú rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80. Èyí já sí lítà 3,200, ìyẹn ni pé ìwọ̀n omi náà nìkan tó kílò 3,200, síbẹ̀ kò sí ibi kan tí irin tó yí i ká ti tẹ̀ síta. Mo yin wẹ́dà wọn. Wọ́n tẹ́ ògbólógbòó rọ́ọ̀gì sábẹ́ tapólì kí òkúta má baà lu ú, owó tí wọ́n gbà kò sì tó ìdajì iye tí bíríkìlà pè fún mi lórí ti sìmẹ́ǹtì. Wọn kò tún ta ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi fún mi. Wọ́n sọ òótọ́ pé ẹja àrọ̀ lè yọrí síta mí, àti pé iná tí a ní kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ibi tí omi ń gbà jáde ni wọ́n ti ṣe àṣìṣe. Páìpù ínǹṣì 1 ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù kò rí ọ̀nà jáde rárá. Mímí tí ẹja àrọ̀ ń mí lójú omi kò gbà á lọ́wọ́ amóníà, ìyẹn kẹ́míkà olóró tí ìdọ̀tí wọ̀nyí ń tú sínú omi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òórùn omi náà ń ta mí nímú láti ẹnu ọ̀nà, ẹja kò jẹun mọ́, ṣóńṣó irun ẹnu wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ó dùn mí púpọ̀. Pọ́ńbà kan láti Ìyàrà ló bá mi tún un ṣe. A kó ẹja sínú dúróòmù, a fọ́ ilẹ̀ yàrá, ó sì ri páìpù ínǹṣì 3 mọ́ àárín ìsàlẹ̀ adágún, ó nà án sókè dé ibi tí a fẹ́ kí omi dé. Ó wá fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ bò ó, èyí tó ga ju omi lọ, tí ó sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ yí ká. Bí mo bá tú omi tuntun sí i báyìí, omi ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló ń gba àárín páìpù méjèèjì jáde. Bí mo bá sì yọ páìpù inú, gbogbo omi yóò gbẹ kí ìdajì wákàtí tó pé.

Àwọn tó ṣe adágún náà tún ṣèlérí àwọ̀n tí a ó fi bo ojú rẹ̀, wọn kò sì mú un wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá akọ tó tóbi jù nílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, eruku bò ó, ó ṣì ń mí. Ara rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́ bó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó yè. Èmi fúnra mi ni mo kan àwọ̀n mọ́ pákó, mo sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti omi kí wọ́n lè rí ibi mí.

Bí ẹ bá fẹ́ irin àti tapólì, mo lè júwe àwọn oníṣẹ́ yìí fún yín láìṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ omi kún un, kí wọ́n sì tú u dànù lójú yín. Nígbà tí mo fi ẹ̀dùn ọkàn mi hàn wọ́n, wọ́n dá owó páìpù padà fún mi. Owó ilẹ̀ tí a fọ́ kò sí nínú rẹ̀.