Ẹ̀yin Ẹlẹ́yin Abẹ́òkúta, Ẹ Ṣọ́ra fún Fíìdì Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń sin adìyẹ ní Abẹ́òkúta, láti ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ títí dé Láfẹ́nwá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra fíìdì (oúnjẹ adìyẹ) mìíràn. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ojú sì ń tì mí, torí ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sin adìyẹ ayéyin.

Igba adìyẹ ni mo ní. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 38, ìgbà tí wọ́n ń yé dáadáa nìyẹn, kíréètì mẹ́fà ni mò ń kó lójúmọ́. Adìyẹ kan a máa jẹ tó gíráàmù 115 sí 120 lóòjọ́, nítorí náà àpò kan oníkílò 25 ló ń tán lọ́jọ́ kan nílé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró gbọ́ nígbà tí ọkùnrin kan ní òun á dín ẹgbẹ̀rún méjì náírà kù lórí àpò kọ̀ọ̀kan. "Mọ́mì mi, àwa la pò ó fúnra wa." Ogún àpò ni mo rà. Ogún! Àpò funfun, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́. Mo rí i pé kò sí. Mo rí i, mo sì sanwó.

Kẹ́nikẹ́ni má wulẹ̀ sọ pé ojúkòkòrò ni. Ta ni kì í wá ibi tó dínwó lásìkò yìí?

Lọ́jọ́ kẹrin, kíréètì márùn-ún. Mo ní ooru ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́ta! Mò ń mú ẹyin tí kò léèpo, tó rọ̀ bí ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Òmíràn á fọ́ kí n tó gbé e dé inú kíréètì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn jẹ nídìí, mẹ́rin kú. Èmi sì ń ra oògùn! Owó oògùn lórí owó fíìdì, ebi ló sì ń pa wọ́n.

Orí àpò kẹtàlá la wà tí ọmọ àbúrò mi, tó ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta níbí, fi yà kí mi. Kò tíì jókòó tó fi bu ago kan sínú abọ́ omi, ó rò ó. Èèpo ìrẹsì léfòó bo ojú omi. Nǹkan kan rọ̀ sísàlẹ̀. Mo ní ìkarahun ni, torí fíìdì adìyẹ ayéyin gbọ́dọ̀ ní ìkarahun lílọ̀ nínú. Kálísíọ̀mù rẹ̀ yẹ kó tó 3.5 sí 4 nínú 100, òun ló ń di èèpo ẹyin. Ó da omi nù, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé ohun tó kù lórí. Ìkarahun ì bá hó. Èyí hó díẹ̀ létí kan, ó dákẹ́. Mo fi díẹ̀ sẹ́nu, ó ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín mi. Yanrìn! Yanrìn ni mo fowó mi rà fún adìyẹ.

A gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Púrótéènì 11 nínú 100, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 16 tàbí 17.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà. Ó ní adìyẹ mi ti gbó. Ọ̀sẹ̀ 38! Ó ní bóyá mi ò fún wọn lómi. Níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ti sọ ọ́: "Mọ́mì, ẹ lọ tọ́jú adìyẹ yín." Èmi tí mò ń jí láago márùn-ún bu omi fún wọn! Láti ọjọ́ náà, mi ò gba onífíìdì kankan gbọ́ mọ́, títí kan ẹni tí mo ti ń bá rajà láti ọdún mẹ́rin. Bóyá mò ń ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé wọn ò mọ ara wọn ni?

Ẹ ṣáà wọn àpò yín. Kílò 22 ni tèmi. Ẹ dán an wò nínú omi kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gbàgbé ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ṣù jọ, tó ń rùn bí ohun tó bu, ẹ má gbà á. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìwé púrótéènì dá yín lójú: nitrogen, èròjà kan tó wà nínú púrótéènì, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, wọ́n á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25, ẹni tó bá da yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún nitrogen, sí i lè mú kí iye yẹn ga. Màlúù lè rí yúríà díẹ̀ lò, adìyẹ ò lè rí i lò.

Àpò méje ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi. Ẹnìkan ti wá bẹ̀ mí pé kí n tà á fún òun ní ìdajì owó, kóun fi pò mọ́ tòun. Mo ní rárá.