Bangkok: Ọkọ̀ Ojú Omi Ni Àbí Ọkọ̀ Ojú Irin Òkè?

Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá pọ̀, tí o sì ní ọjọ́ kan péré ní Bangkok, èwo ni kí o wọ̀: ọkọ̀ ojú omi orí odò Chao Phraya, àbí BTS, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá lókè títì?

Ní ti owó, ọkọ̀ ojú omi alásíá àwọ̀ ọsàn ló wù mí jù. Iye kan náà, bíi 16 baht (owó ilẹ̀ Thailand), lo máa san, ì báà jẹ́ ibùdókọ̀ kan tàbí mẹ́wàá lo ń lọ. Agbowó á máa rìn láàárín èrò, á máa mi agolo irin gígùn tí tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ẹyọ wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ra fún ọkọ̀ alásíá búlúù tí wọ́n ṣe fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Tirẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti BTS, bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni owó ń gòkè sí.

Ṣùgbọ́n BTS tutù nínú, kò mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó sì ń ṣiṣẹ́ di nǹkan bí agogo méjìlá òru. Ọkọ̀ ojú omi kì í pẹ́ lálẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń kún. Bó bá gúnlẹ̀, kì í dúró pẹ́ rárá: di irin mú kí o tó gbé ẹsẹ̀, pàápàá bí o bá mú ọmọdé dání.

Bó bá jẹ́ tẹ́ńpìlì Wat Pho tàbí Ààfin Ńlá lo fẹ́ wò, gba orí odò, kí o sọ̀kalẹ̀ ní Tha Tien tàbí Tha Chang. Bó bá jẹ́ ọjà Chatuchak lópin ọ̀sẹ̀, BTS á gbé ọ dé Mo Chit. Ẹni tó fẹ́ méjèèjì lè pààrọ̀ ọkọ̀ ní Saphan Taksin, níbi tí odò àti irin ti pàdé.