Okùn tí wọn kò fi sínú àpò: èmi àti ọmọ mi lórí via ferrata ní Riva del Garda

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mú mi jókòó kọ èyí. Riva del Garda, ìlú tó wà létí Adágún Garda ní àríwá Ítálì, la ti fẹ́ gun òkè. A ti dé àṣíborí, a ti de bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí àti itan, wáyà àkọ́kọ́ kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí wa lọ. Amọ̀nà wa wo ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Kílò mélòó ni ọmọ yìí?" Mo ní kílò 36. Ó dákẹ́. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì bíi pé kò gbọ́ mi dáadáa, lẹ́yìn náà ló sọ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Okùn ló ń wá. Okùn kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò gun irú òkè yìí rí. "Ọ̀nà onírin" ni ìtumọ̀ via ferrata ní èdè Ítálì: wáyà irin tí wọ́n kàn mọ́ ara àpáta láti ìsàlẹ̀ dókè, pẹ̀lú àkàbà níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ní rí nǹkan tẹ̀. Okùn kúkúrú méjì ló máa ń jáde níbi bẹ́líìtì èèyàn, ìkọ́ kan wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn á sì fi méjèèjì kọ́ wáyà. Bí èèyàn bá já, ìkọ́ á yọ̀ wálẹ̀ lára wáyà títí á fi kan ibi tí wọ́n ti kàn án mọ́ àpáta, ibẹ̀ ló ti máa dúró gbì. Nítorí gbì yẹn ni wọ́n ṣe so àpò kékeré kan mọ́ ìdí okùn náà. Aṣọ líle tí wọ́n ká, tí wọ́n sì rán pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bí ìwúwo bá já lé e, òwú rẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, ara ẹni kò sì ní gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fúyẹ́ kò wúwo tó láti tú òwú yẹn bó ṣe yẹ. Ara rẹ̀ ló máa gbà á.

Amọ̀nà yí àpò kékeré tó wà níwájú ọmọ mi padà, ó fi èékánná tọ́ka sí lébẹ́ẹ̀lì funfun kan tí etí rẹ̀ ti ń ṣí: EN 958, ìyẹn ìlànà ààbò ilẹ̀ Yúróòpù fún irú okùn yìí, 40–120 kg. Ọmọ tí kò bá tó 40, àgbà gbọ́dọ̀ fi okùn mìíràn so ó, kó máa dì í mú láti òkè. Lébẹ́ẹ̀lì yẹn kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Èmi fúnra mi ni mo de e mọ́ ọmọ mi lára láàárọ̀ yẹn, n kò sì kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó sọ fún mi? Fọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìgòkè yìí fún wa ní kí n kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, mo kọ 11. Ó béèrè nọ́ńbà bàtà rẹ̀. Ó béèrè oúnjẹ tí kì í jẹ. Kò sí ibi kankan tó ti béèrè ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọmọ náà dúró síwájú káńtà níbẹ̀, wọ́n ń dán àṣíborí wò lórí rẹ̀, obìnrin tó wà ní káńtà sì gba 190 yúrò lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Obìnrin yìí kan náà ni amọ̀nà pè lórí fóònù. N kò gbọ́ èdè Ítálì, àmọ́ mo gbọ́ "no" lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó fún mi ní fóònù. Obìnrin náà sọ fún mi pé àwọn ọmọ mìíràn ti gùn ún láìsí okùn. Ó ní ọmọ mi jọ ẹni tó lágbára. Ó ní bí a bá ní àwa máa dúró de okùn, àkókò á kọjá lọ, àwọn kò sì ní dá owó padà. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọ tí mo lóyún rẹ̀, tí mo bí, ni ẹnì kan jókòó sídìí káńtà tó ń fojú díwọ̀n agbára rẹ̀ látorí fóònù! Mo dá fóònù padà fún amọ̀nà, torí mo mọ̀ pé ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi kò ní ṣe é gbọ́ lójú ọmọ.

Amọ̀nà yìí, Ọlọ́run á bá mi bù kún un. Kò bá mi jiyàn, kò sì gbè sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Láìsí okùn, a ò ní gòkè." Ó tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tóun náà jẹ́ amọ̀nà láago, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, tó ní okùn lọ́wọ́. A dúró dè é fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti mú wa kúrò nílẹ̀, torí pé nígbà ooru ibẹ̀, ọ̀sán ni ààrá sábà máa ń sán, kò sì yẹ kí ààrá bá ẹnikẹ́ni lórí wáyà irin. Kíkúrò nílẹ̀ tí a tètè kúrò yìí ló jẹ́ kí a lè dúró.

Níbi tí a jókòó sí, ó kọ́ ọmọ mi ní bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkọ́ níbi tí wáyà bá ti kan ìṣó: ọ̀kan ni kó kọ́kọ́ ṣí, kó fi kọ́ apá kejì, kó tó ṣí èkejì. Ìkọ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí wáyà lẹ́ẹ̀kan náà láé. Ọmọ mi bá sọ ọ́ di orin: "Ọ̀kan kúrò, ọ̀kan dúró." Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?" Mo ní ó sọ ọ́ dáadáa. Kí okùn tó dé, amọ̀nà ti mọ̀ ọ́n kọ, àti "ọ̀" àti "kú", ó sì ń pè é bí ará ilé.

Via dell'Amicizia ni a gùn, ọ̀nà ọ̀rẹ́, tó lọ sí Cima SAT, ṣóńṣó òkè kan lókè Riva. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí SAT, ẹgbẹ́ àwọn agunkè ìpínlẹ̀ Trento, pé 100 ọdún. Adágún ìsàlẹ̀ kò ju mítà 65 lọ sókè òkun, orí Cima SAT sì lé ní mítà 1,200, gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ wa gùn. Kò sí ibi tó le jù fún ọwọ́. Ojú àti ọkàn ló ń ṣiṣẹ́, pàápàá lórí àwọn àkàbà. Èyí tó gùn jù tó nǹkan bíi mítà 70.

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí. Mo ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láìwọ bàtà, ó sì lé ní 600. Ṣùgbọ́n òkúta ni mo ń tẹ̀ níbẹ̀. Níhìn-ín, ọ̀pá irin tútù tí kò nípọn ju ọmọ odó kékeré lọ ni, afẹ́fẹ́ lásán ló wà lẹ́yìn ẹni, òrùlé ilé àwọn ará Riva sì ń hàn láàárín bàtà méjèèjì. Amọ̀nà wà lókè, ọmọ mi wà láàárín, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí a dé nǹkan bí àárín àkàbà gígùn yẹn, bàtà rẹ̀ dúró níwájú ojú mi. Mo rí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó ń gbọ̀n, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń lu irin kọ̀ kọ̀ kọ̀. Kò sunkún. Kò sọ̀rọ̀. Mo fi oríkì pè é, "Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ mi. Èmi nìyí lẹ́yìn rẹ." Okùn tó so ó mọ́ amọ̀nà nà tantan, mo rí i kedere, pupa ni, kò dẹ̀ rárá. Amọ̀nà kò pariwo pé kó máa bọ̀. Ó kàn dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkè, "Ọ̀kan dúró." Ọmọ mi gbé ẹsẹ̀.

Bí okùn yẹn kò bá sí ńkọ́? Ohun tí mo ń rò títí tí a fi dé orí òkè nìyẹn. N kò lè sọ pé mo gbádùn gbogbo rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a jókòó sókè, tí gbogbo adágún náà nà lọ sí gúúsù láàárín òkè, tí Monte Brione, òkè kékeré kan, dà bí ẹja tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, tí Ora, afẹ́fẹ́ ọ̀sán wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lórí omi, ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ tún un gùn. Mo dì mọ́ ọn títí ó fi ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ le. Wákàtí méjì ni ilé iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀, mẹ́ta ló gbà wá, orúnkún mi sì mọ̀ ọ́n lára fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá fún un níwájú, kó má ṣe wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi yá wa dára, tuntun ni.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin káńtà ka àwọn ẹrù rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò gbé ojú sókè. Mo ní n kò wá gba owó, mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè ìwúwo sínú fọ́ọ̀mù. Ó ní ọmọ ti padà dé láyọ̀, kí ló tún kù? Ó fẹ́ dá 20 yúrò padà fún mi. Mo fi í sílẹ̀ lórí káńtà. Amọ̀nà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ àti tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa mú ọmọ lọ, ẹ wọ̀n wọ́n nílé, ẹ sì béèrè okùn kí ẹ tó san owó. Mo tún ṣí fọ́ọ̀mù wọn láàárọ̀ yìí. Nọ́ńbà bàtà ṣì wà níbẹ̀. Ìwúwo kò sí.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọ mi ti di kílò 38. Mo ti kọ̀wé sí amọ̀nà náà fún ìsinmi ọdún tó ń bọ̀, ó sì dáhùn pé òun á mú okùn náà wá fúnra òun.