Ọdún Méjì Lẹ́nu Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Ìjọba ní Tháílándì: Àgbéyẹ̀wò Olùkọ́ kan láti Ìkòròdú

Ìgbógbò ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Sábó kí n tó rí iṣẹ́ olùkọ́ èdè náà gbà ní yunifásítì ìjọba kan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tháílándì. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023, mo sì parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Owẹ́wẹ̀ ọdún 2025. Láti ìgbà tí mo ti padà dé, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kò yéé béèrè lọ́wọ́ mi bóyá iṣẹ́ náà dára. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dára ju bí mo ti rò lọ, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ó ń pinnu irú ayé tí àlejò yóò jẹ níbẹ̀, gbólóhùn kan péré nínú ìwé tèmi sì ni ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ìsinmi mi.

Ọ̀dọ̀ aṣojú tí ó bá mi wá iṣẹ́ náà ni owó ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. 850,000 náírà ni ó gbà, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ òfuurufú, mo sì yá ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́. Ó ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n á fún yín nílé, wọ́n á san owó ọkọ̀ òfuurufú yín, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ ó sì máa fi kọ́ni lọ́sẹ̀.” Nígbà tí mo dé ọ̀hún, “ilé” náà di 4,000 baht, ìyẹn owó ilẹ̀ Tháílándì, tí wọ́n ń fi kún owó oṣù mi kí n lè fúnra mi wá yàrá, owó ọkọ̀ òfuurufú sì di 20,000 baht tí wọn kò san àfi lẹ́yìn tí mo lo ọdún kan pé. Èyí tó dùn mí jù lọ ni ohun tí akọ̀wé ẹ̀ka wa, obìnrin oníwà tútù kan, fi hàn mí ní oṣù kejì tí mo débẹ̀: ojú òpó yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kéde iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fẹ́ sì lè kọ̀wé sí wọn láìsan kọ́bọ̀. Kò mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń gba owó lórí rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo gbà pé aṣojú náà mọ bí ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn sì ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni, kò tó ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, bí tèmi ṣe lọ rèé. Mo gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Alágbọn ní Ìkòyí. Mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi lọ sí Àbújá fún òǹtẹ̀ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ àti ti Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè, lẹ́yìn náà ni mo tún padà sí Àbújá yìí kan náà nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńbásì Tháílándì wà. Físà oníṣẹ́ tí wọ́n ń fúnni fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ti àádọ́rùn-ún ọjọ́, nígbà tí ènìyàn bá débẹ̀ ni wọn yóò sọ ọ́ di ti ọdún kan. Mo dúpẹ́ pé yunifásítì ni mo lọ, nítorí àwọn tó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ìwé àṣẹ olùkọ́ tàbí ìyọ̀ǹda onígbà díẹ̀, òfin náà kò sì kan yunifásítì.

Wàyí o, ìwé àdéhùn náà. Ojú ewé mẹ́ta ni, èdè Thai ní apá òsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ní apá ọ̀tún, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bí ìtumọ̀ méjèèjì bá yàtọ̀ síra, ti Thai ni a óò tẹ̀ lé. Wọ́n kọ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòótọ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni mo kà kọjá nígbà tí mo jókòó sí pálọ̀ wa ní Ìgbógbò tí mo sì fọwọ́ síwèé: “àti iṣẹ́ mìíràn tí ẹ̀ka bá yàn fún olùkọ́.” Ọkọ mi tọ́ka sí i lọ́jọ́ náà, ó béèrè irú iṣẹ́ wo ni, mo sì dá a lóhùn pé bóyá ìpàdé ni. Iṣẹ́ mìíràn náà ni kí n máa tún èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìwádìí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka mẹ́rin ṣe, nígbà mìíràn ogójì ojú ewé kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun náà ni kí n máa ṣe alága ìjókòó níbi ayẹyẹ, kí n ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún ìdánwò, kí n sì máa lọ sí ibùdó ìkọ́ni fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ìgbèríko ní ọjọ́ Sátidé. Ní sáà kejì ọdún 2024, mo ṣírò rẹ̀: nínú Sátidé mẹ́rìndínlógún, mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́, wọn kò sì san baht kan lé owó oṣù mi nítorí rẹ̀. Ìka ni mo ń tẹ̀ sára ẹ̀rọ ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ àti ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, yálà mo ní kíláàsì tàbí n kò ní.

Mi ò sọ pé wọ́n fi ìkà ṣe é. Àwọn olùkọ́ Thai náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ṣe jù mí lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń wọ inú ìwé ìgbéga tiwọn, nígbà tí ìgbéga kankan kò sí fún olùkọ́ àlejò: bí mo ṣe wà lọ́jọ́ tí mo dé ni mo ṣe wà lọ́jọ́ tí mo lọ.

Inú kíláàsì ni ohun tó dára wà, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ dáadáa. Mo ní kíláàsì márùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ bí ogójì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, iná kì í lọ, ẹ̀rọ agbáwòrán sára ògiri wà ní gbogbo yàrá. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ márùnléláàádọ́rin nínú yàrá kan ní Ìkòròdú, tí ó ń fi ọwọ́ nu òógùn, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ náà ń bu ọlá fún olùkọ́ débi pé ó rán mi létí ilé. “Ajarn” ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn olùkọ́ yunifásítì, wọn kì í sì í dárúkọ mi láìfi í ṣíwájú. Ọjọ́bọ̀ kan wà lọ́dọọdún tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á fi ìgbọ̀nwọ́ kanlẹ̀, wọ́n á sì gbé òdòdó lé olùkọ́ lọ́wọ́. Òdòdó ìgbá máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ní bí ó bá fẹ́ so, orí ni ó ń tẹ̀ ba, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí ogún ọmọ kúnlẹ̀ síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà, mo súre fún wọn ní Yorùbá láìmọ̀, wọ́n sì dákẹ́ gbọ́ ọ tán.

Ìṣòro tó wà nínú kíláàsì ni pé wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá ṣì sọ yóò tijú lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbà mí ní sáà kan gbáko kí n tó mọ̀ pé kí n fi wọ́n sí méjì-méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ ọ́, kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Ìṣòro kejì ni èsì ìdánwò. Àwọn mẹ́tàlá fìdí rẹmi ní sáà àkọ́kọ́ mi, ẹ̀ka sì ní kí n fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn títí gbogbo wọn yóò fi yege. Mo ṣe é. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i nígbà náà, kò sì tíì balẹ̀ sí i dòní.

Ní ti owó, 32,000 baht ni owó oṣù mi, pẹ̀lú 4,000 baht ti ilé. Owó orí kò tó 500 baht lóṣù, owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń gbà nígbà náà jẹ́ 750 baht, èyí tí mo fi ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwòsàn kan tí mo yàn. Nígbà tí ibà dáwọ́lé mi ní ọdún 2024 tí mo sùn síbẹ̀ ní òru mẹ́ta, n kò san nǹkan kan. Yàrá mi jẹ́ 4,500 baht. Mo ń fi 12,000 baht ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Náírà ń já nígbà náà láti oṣù Òkúdu 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti tú u sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, nítorí náà owó tí ọkọ mi ń gbà ní Ìgbógbò ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé owó oṣù mi lé ní baht kan. Mo san gbèsè alájẹṣẹ́kù tán láàárín oṣù márùn-ún. Ẹ má fi ìyẹn ṣe ìṣirò tiyín, nítorí ọjà Sábó náà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún mi láti kọ ni ti pásípọ́ọ̀tù. Ìpele owó oṣù méjì ni ẹ̀ka wa ní. Àwọn tí wọ́n kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì àbínibí ń gba 40,000 baht, èmi pẹ̀lú àwọn olùkọ́ láti Philippines àti Kamẹrúùnù sì ń gba 32,000. Wọ́n ní kí n ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, èmi tí mo gba oyè kejì nínú èdè náà, tí mo ti orílẹ̀-èdè tí òun ni èdè ìjọba wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì kọ́ni rí dé láti Yúróòpù lọ́dún kejì, wọ́n fi í sí ìpele òkè, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́ ọ bí a ti ń ṣètò ìdánwò. Mo kọ́ ọ, ọmọ dáadáa ni. Mo kọ̀wé sí olórí ẹ̀ka lórí ìpele náà, ó pè mí, ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì ní kò sí agbára lọ́wọ́ òun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ ní láti mọ èyí kí ó tó kúrò nílé. Àwọn ilẹ̀ mìíràn tún le jù bẹ́ẹ̀: físà olùkọ́ èdè tí Gúúsù Kòríà ń pè ní E-2 kò ṣí fún olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àfi ọmọ orílẹ̀-èdè méje, nínú èyí tí Gúúsù Áfíríkà nìkan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọdún ìṣúná ìjọba Tháílándì ń parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Owẹ́wẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni àdéhùn mi ń parí. Ìyọ̀ǹda ìgbélùú so mọ́ iṣẹ́, nítorí náà bí iṣẹ́ bá ti tán, ìgbélùú náà tán. Lọ́dún 2024, lẹ́tà pé wọ́n tún gbà mí kò dé títí di ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo ní láti tún ìwé ìgbélùú àti ìwé àṣẹ iṣẹ́ ṣe, ẹni tó bá sì dúró kọjá ọjọ́ rẹ̀ yóò máa san 500 baht lójúmọ́. N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni àlejò ní láti sọ ibi tó ń gbé fún iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé-jáde àlejò. Orúkọ agbanisíṣẹ́ wà nínú ìwé àṣẹ iṣẹ́, nítorí náà ẹ kò lè máa kọ́ni níbòmíràn ní ìrọ̀lẹ́ láìfi í kún ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ wá sílé fún ìsinmi, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé tó jẹ́ 1,000 baht, nítorí ẹni tó bá jáde láìgbà á ti sọ físà rẹ̀ nù ní pápákọ̀.

Bí mo bá ní kí n fi ìràwọ̀ wọ̀n ọ́n, n óò fún kíláàsì ní mẹ́rin nínú márùn-ún, n óò sì fún àdéhùn ní méjì. Ó bá ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ nílé mu. Wákàtí mẹ́fà ni Tháílándì fi ṣíwájú wa, nítorí náà nígbà tí ọmọ mi bá parí iṣẹ́ àṣetiléwá ní agogo méje alẹ́, agogo kan òru ni lọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tọ́ ọ fún ọdún méjì.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀ka náà tún kọ̀wé pè mí. Mo dá ìwé àdéhùn náà padà pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà: kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n tó gbéra, kí lẹ́tà ìtúnṣe àdéhùn máa dé ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì kọ iye Sátidé tí iṣẹ́ mìíràn lè gbà ní sáà kan. Wọ́n gba méjì àkọ́kọ́. Lórí ti Sátidé, wọ́n ní kí n dé ná. Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì pálọ̀, n kò tíì fọwọ́ sí i.