Áàpù tí mo fi ń wo họ́kì orí yìnyín láti Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ni tí ò ráyè kàwé gígùn lè máa lọ: géèmù yẹn fúnra ẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún. Áàpù tí mo sanwó fún kí n lè máa wò ó, ìràwọ̀ méjì, ọ̀kan nínú méjì ọ̀hún sì jẹ́ torí pé tó bá ti lè ṣí, àwòrán ẹ̀ máa ń mọ́ kedere. Mi ò ní dárúkọ wọn o, ẹni tó bá ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń gbé NHL, lígì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, sórí fóònù á mọ irú àwọn tí mò ń sọ.

Àwọn tó máa bi mí pé kí lará Ògbómọ̀ṣọ́ ń wá nídìí họ́kì, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Calgary ní Kánádà ló kó bá mi. Òun ló máa ń fi fídíò Jarome Iginla ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Yorùbá ni bàbá Iginla, Adékúnlé wà lára orúkọ òun náà, ó ṣe kápítẹ̀nì Calgary Flames fọ́dún pípẹ́, góòlù 625 ló gbá wọlé nínú NHL. Lọ́dún 2002 ló di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Olympics ìgbà òtútù, nígbà tó sì di 2010, òun náà ló ti puck, rọ́bà tí wọ́n ń gbá, sí Sidney Crosby tíyẹn fi gbá góòlù tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà ní fáínàlì. Ọmọ ẹ̀, Tij, náà ti ń bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ eléré lọ́dún 2024, Utah ló mú un, òun ni ẹni kẹfà tí wọ́n yàn. Ẹ wá sọ fún mi pé eré yìí ò kàn wá.

Fún ẹni tí ò tíì wò ó rí: ẹgbẹ́ méjì, èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, kípà wà nínú wọn, ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta. Rọ́bà dúdú kékeré kan ni puck, wọ́n tiẹ̀ máa ń jẹ́ kó dì nínú fírísà kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ kó má baà máa ta sókè. Ohun tó mú mi jù ni pé wọn kì í dúró kí wọ́n tó pààrọ̀ èèyàn bíi ti bọ́ọ̀lù, eré á máa lọ lọ́wọ́ ni wọ́n á ti máa fò wọlé fò jáde, èèyàn á sáré bíi ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á jáde lọ mí, ẹlòmíì á bọ́ sí i, torí náà kò sẹ́ni tó ń ṣẹ́ agbára kù. Tó o bá ṣẹ̀, wọ́n á lọ fi ẹ́ jókòó sínú àpótí fún ìṣẹ́jú méjì, àwọn tìẹ á máa fi èèyàn kan dín. Tẹ́ni méjì bá bọ́ ìbọ̀wọ́ jà, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìjà yẹn ti dínkù gan-an sí ti àtijọ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, orí tí wọ́n ń fọwọ́ lù yẹn kì í ṣe irin.

Ó yá, áàpù. Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Káàdì báǹkì mi kọ̀ jálẹ̀, ọmọ kan ní Under-G tó máa ń báàyàn ṣe káàdì dọ́là orí fóònù ló bá mi yanjú ẹ̀, iye tó sì jáde lákáǹtì mi ju iye tí mo rí lójú áàpù lọ. Kò burú. Mo wọlé tán, mo tẹ géèmù tí mo torí ẹ̀ sanwó, wọ́n ní kò sí fún agbègbè mi. Agbègbè wo? Ṣebí ẹ rí i pé Nàìjíríà ni mo wà kẹ́ ẹ tó gbowó! Mo kọ̀wé sí kọ́sítọ́mà kéè, rọ́bọ́ọ̀tì ló dá mi lóhùn, ó ń bi mí bóyá mo ti pa fóònù mi tí mo tún tan án. Owó ò padà o.

Kì í ṣe owó yẹn ló dùn mí jù ṣá. Aago méje alẹ́ ní Toronto àti New York, aago kan òru ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù wọn, tí wọ́n bá ti sún aago síwájú ó di méjìlá. Èmi tí mo máa ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Tàkíé láàárọ̀, mi ò lè máa jí lóròòru, àtúnwò ni mo nílò. Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí áàpù yẹn báyìí ni èsì gbogbo géèmù àná ti máa wà níwájú yín gbàgàdà, iye góòlù, ẹni tó gbá a wọlé, gbogbo ẹ̀! Mo wá ibi téèyàn ti lè pa á mọ́ títí, kò sí. Kí lèmi wá fẹ́ fi wákàtí méjì ààbọ̀ wò mọ́? Dátà náà ńkọ́? Puck kéré, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fa àwòrán wálẹ̀ kó má baà jẹ dátà, ẹ ò ní rí i rárá, àwọn géńdé tó ń yọ̀ kiri lórí nǹkan funfun lẹ máa máa wò. Ti iná, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, gbogbo wa la jọ wà níbí.

Kì í kúkú ṣe pé owó ò sí lọ́wọ́ NHL. Kí Rogers lè máa gbé géèmù sáfẹ́fẹ́ ní Kánádà, wọ́n ti gbà láti san bílíọ̀nù 11 dọ́là Kánádà fún ọdún 12 látorí sáà 2026-27, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ESPN àti TNT sì ń san tiwọn ní Amẹ́ríkà láti 2021. Iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí owó àwọn eléré ẹ̀, mílíọ̀nù 88 dọ́là ni ní 2024-25, ó di 95.5 ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti kéde pé á di 104, á tún di 113.5. Gary Bettman tó ti ń ṣọ̀gá NHL láti 1993 mọ owó pa, èmi ò lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà á fún, àwa tá a jìnnà sọ́jà yẹn, ìṣẹ́kù là ń jẹ.

Ẹ má sì sọ fún mi pé eré àwọn ará ilẹ̀ tútù ni o. Florida Panthers ló gba Stanley Cup, ife NHL, lọ́dún 2024, wọ́n tún gbà á ní 2025, Edmonton ni wọ́n nà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Vegas tó wà nínú aṣálẹ̀, 2017 ló wọ lígì, 2023 ló gba ife. Kánádà tó leré, látìgbà tí Montreal ti gbà á ní 1993, títí dé 2025 wọn ò rí i gbà mọ́. Arizona nìkan ló dà bíi pé oòrùn lé wọn, oòrùn kọ́, pápá ni wọn ò ní, ti yunifásítì kan tó ń gba bíi ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ni wọ́n ń lò títí tí gbogbo ẹgbẹ́ fi kó lọ Utah ní 2024. Ẹgbẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n ló wà báyìí, ibi tí owó àti pápá bá wà ni wọ́n ń lọ.

Àwọn obìnrin ló gbọ́n jù lójú tèmi. PWHL, lígì họ́kì tiwọn, bẹ̀rẹ̀ ní January 2024 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́fà, orí YouTube ni wọ́n gbé géèmù wọn sí lọ́fẹ̀ẹ́ ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tó fi máa di April èèyàn 21,105 ti kún Bell Centre ní Montreal torí wọn. Vancouver àti Seattle kún un, wọ́n di mẹ́jọ ní sáà 2025-26. Ohun tó yẹ kí NHL máa ṣe fún irú wa nìyẹn. Kí wọ́n sì tún inú ilé wọn ṣe náà, torí Akim Aliu, eléré họ́kì kan, Òkènè níbí ni wọ́n bí i, 2019 ló jáde sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin nípa àwọ̀ ẹ̀ tí kóòṣì kan sọ sí i nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, kóòṣì ọ̀hún fipò sílẹ̀ ní Calgary, ẹgbẹ́ Iginla gan-an! Irú ìyẹn kì í jẹ́ kí òbí aláwọ̀ dúdú fẹ́ náwó lórí bàtà yìnyín fọ́mọ, bẹ́ẹ̀ bàtà yẹn wọ́n.

Èmi ti yọ káàdì mi kúrò níbẹ̀. NHL fúnra wọn ń gbé gígé géèmù kọ̀ọ̀kan sórí YouTube, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ọ̀fẹ́ ni, ìyẹn ni mo ń wò tí mo bá ń jẹun ọ̀sán. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sanwó, kó má san ti ọdún kan rárá, pàápàá báyìí tí géèmù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kúrò ní 82 di 84 láti 2026-27, ta ló fẹ́ ráyè wo gbogbo ẹ̀? Kó dúró di April, kó san ti oṣù kan péré, ìgbà yẹn ni pléọ́ọ̀fù, ibi tí wọ́n ti ń du ife, ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ń lọ, aago méjìlá òru ni géèmù apá ìlà oòrùn wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kó rí i pé fóònù òun ti kún kílẹ̀ tó ṣú.