Cabernet Sauvignon àti Merlot: ọbàkan tí ìwà wọn ò jọra

Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni agbo ilé àjàrà méjèèjì tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì pupa yìí, àjàrà mìíràn tó ń jẹ́ Cabernet Franc sì ni baba wọn. Ìyá Cabernet Sauvignon ló yani lẹ́nu: Sauvignon Blanc ni, àjàrà funfun! Ní 1997 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Carole Meredith àti John Bowers, gbé àbájáde àyẹ̀wò DNA tó tú àṣírí yìí jáde ní Amẹ́ríkà.

Ẹ bu wáìnì Cabernet Sauvignon tí kò tíì pẹ́ nínú ìgò sẹ́nu, kí ẹ dá a dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Ẹnu á fún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gbẹ, àfi bí ẹni jẹ obì. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn. Inú èèpo àti kóró ni ohun tó ń fún ẹnu yẹn wà. Bí kò bá pọ́n dáadáa, òórùn tàtàṣé tútù ló máa ń yọ. Ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ti Médoc ní Bordeaux, tó máa ń gba ooru sára, ló bá a lára mu jù.

Merlot ní tiẹ̀ kì í le koko. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó máa ń tètè pọ́n, ilẹ̀ amọ̀ Pomerol, ní Bordeaux kan náà, ló sì fẹ́ràn. (Ní Chile, wọ́n ń pe àjàrà mìíràn, Carmenère, ní Merlot títí di 1994!)

Èmi o, bí ẹran bá lọ́ràá, Cabernet ni mò ń bù, torí ọ̀rá máa ń pa agbára rẹ̀. Bí kò bá sí oúnjẹ nílẹ̀, ẹ gbé Merlot wá.